Ta Ló Ń Sanwó Ẹbọ Wa? Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Ìjíhìnrere

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa nínú Olúwa, ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ ìjíhìnrere ìjọ, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa.

Nǹkan méjì ló bí lẹ́tà yìí. Àkọ́kọ́ ni ìpinnu yín pé kí owó tó wà nínú àpò àánú di owó gbohùngbohùn tuntun. Èkejì ni fọ́ọ̀mù ìròyìn tí ẹ ní kí gbogbo ọmọ ìjọ máa kọ lóṣooṣù. Ìbéèrè mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: Ìwé ìléwọ́ mélòó lo pín? Ènìyàn mélòó lo wàásù fún? Ọkàn mélòó ló fi ayé rẹ̀ fún Jésù? Ìgbà mélòó lo bá ẹgbẹ́ jáde?

Kò sí èyí tó burú nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àmọ́ ẹni tó jẹ gbogbo àdúgbò lówó lè kọ fọ́ọ̀mù yẹn kó kún bámúbámú. Ọ̀gá tí kò tíì sanwó ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta lè jókòó tì í kó sì ṣe ipò kìn-ín-ní. Ní Mátíù 5:16, iṣẹ́ rere wa ni Jésù ní kí àwọn ènìyàn rí, kí wọ́n lè tìtorí rẹ̀ yin Baba wa lógo. Fọ́ọ̀mù yín kò béèrè ohun tí wọ́n rí lára wa. Ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu wa nìkan ló ń kà.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà nídìí lẹ́tà yìí, òun náà ni mo sì máa fi yẹ gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù wò: ohun tí à ń pè ní ẹbọ yìí, ta ló ń sanwó rẹ̀?

1. Ẹbọ ọ̀fẹ́

Nígbà tí Dáfídì fẹ́ tẹ́ pẹpẹ sí ilẹ̀ ìpakà Aráúnà, ọkùnrin náà fẹ́ fún un ní gbogbo rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́: ilẹ̀, màlúù fún ẹbọ, títí dórí igi tí wọn yóò fi dáná. Dáfídì kọ̀. Ó san 50 ṣékélì fàdákà, ó ní òun kò ní fi ohun tí kò ná òun ní nǹkan kan rúbọ sí Olúwa (Sámúẹ́lì Kejì 24:24).

Ẹ wá gbé ìṣọ́ òru wa sí ẹ̀gbẹ́ ìyẹn. Aago méjì òru ti lù, gbohùngbohùn kọjú síta, orin ń lọ. Aláìsàn tó wà nílé kejì, ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹni tó gbọ́dọ̀ jí lọ síbi iṣẹ́ ní aago mẹ́rin, àwọn ló ń fi oorun wọn sanwó ẹbọ tiwa. Wọn kò sì sí ní ìpàdé tí a ti fọwọ́ sí i.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Gbohùngbohùn tó kọjú síta, ẹ pa á nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Èyí tó wà nínú ilé, ẹ yí ẹnu rẹ̀ sí àwọn tó wá jọ́sìn, kí ẹ sì gbé e sún mọ́ wọn, kó má baà nílò agbára púpọ̀ kí wọ́n tó gbọ́. Ohùn ìsàlẹ̀, ìyẹn ti gìtá báàsì àti ìlù ńlá, ló máa ń la ògiri kọjá jù. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ dín kù, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohùn oníwàásù. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan nínú yín lọ dúró lẹ́bàá fèrèsé ilé tó sún mọ́ wa jù nígbà tí akọrin bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Bó bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ orin náà ketekete, ó ti pọ̀ jù. Kí àwọn aládùúgbò ní nọ́ńbà fóònù ẹni tó ń mójú tó ẹ̀rọ, kí onítọ̀hún sì máa gbé e tí wọ́n bá pè é lóru.

2. Owó iṣẹ́

Léfítíkù 19:13 ní owó alágbàṣe kò gbọdọ̀ sùn lọ́wọ́ ẹni tó gbà á síṣẹ́ di òwúrọ̀. Diutarónómì 24:15 sọ ìdí rẹ̀: tálákà ni, ó sì ti gbé ọkàn lé e. Jákọ́bù 5:4 ní owó tí a kò san ń ké, igbe rẹ̀ sì ti dé etí Olúwa. Mi ò rí ibi tí wọ́n ti yọ ilé ìjọsìn sílẹ̀ nínú òfin yìí.

Ibi àdéhùn ni nǹkan ti sábà ń bàjẹ́. Ará gba ará síṣẹ́, wọ́n ní "a jọ jẹ́ ọmọ Baba kan ni," wọn ò dá iye, wọn ò dá ọjọ́. Iṣẹ́ parí. Ẹni tó ṣe é ń retí owó, ẹni tó gbé e fún un ń retí pé kó fi ta Olúwa lọ́rẹ. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ọ̀kan jókòó sí apá ọ̀tún, èkejì bọ́ sí apá òsì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kọ ọ́ sílẹ̀: iṣẹ́ wo, iye wo, ọjọ́ wo. Bó bá jẹ́ ọ̀fẹ́, kí ẹni tó fẹ́ ṣe é fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tí a bá fi ẹ̀bẹ̀ gbà lẹ́yìn iṣẹ́, ìrẹ́jẹ ni. Bí owó kò bá ní wọlé, kí ọjọ́ ìsanwó tó pé ni kí òṣìṣẹ́ ti gbọ́, kó lè mọ bí yóò ṣe ta á. Nínú ìṣirò owó ìjọ, kí owó ẹni tó ń gbálẹ̀ àti ti ẹni tó ń ṣọ́ ilé jẹ́ ìlà àkọ́kọ́, kó tó kan ti ẹ̀rọ.

Ẹ̀rí wà pé irú nǹkan wẹ́wẹ́ báyìí máa ń yí ènìyàn padà. Ní nǹkan bí ọdún 155, Justin, ẹni tí wọ́n padà pa nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀, kọ ìwé àwíjàre sí ọba ńlá Róòmù. Ó ní ọ̀pọ̀ oníwà ipá ló ti yí padà nítorí pé wọ́n rí ìgbé ayé Kristẹni tó múlé gbè wọ́n, tàbí wọ́n rí bí ẹni tí wọ́n jọ rìnrìn àjò ṣe mú un mọ́ra nígbà tí wọ́n rẹ́ ẹ jẹ, tàbí nítorí pé wọ́n bá wọn dòwò pọ̀. Òwò ni mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí níbẹ̀. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, àwọn Quaker, ẹgbẹ́ Kristẹni kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀ láti máa ná ọjà lọ sókè-sódò; iye kan ṣoṣo ni wọ́n ń pè fún tolówó-tòtòṣì. Àwọn oníbàárà kọ́kọ́ sá fún wọn. George Fox, aṣáájú wọn, kọ ọ́ sílẹ̀ pé nígbà tó yá, àwọn ènìyàn rí i pé bí wọ́n bá rán ọmọdé lọ rajà lọ́dọ̀ wọn, wọn kò ní rẹ́ ẹ jẹ, ni wọ́n bá padà wá. Ìwé ìléwọ́ kọ́ ló ṣe ìyẹn.

3. Àkókò ọ̀gá

Títù 2:10 ní kí ìránṣẹ́ má ṣe máa jí ohun ọ̀gá rẹ̀, kí ìwà rẹ̀ lè ṣe ẹ̀kọ́ Ọlọ́run lọ́ṣọ̀ọ́. Ìwé ìléwọ́ tí a fi bébà àti íǹkì ọ́fíìsì tẹ̀ láìgba àyè, ó dára kí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ka ohun tó kọ síbẹ̀ nípa olè. Ẹni tó ṣe ìṣọ́ òru mọ́jú, tó wá ń tòògbé lórí tábìlì títí di ọ̀sán, ọ̀gá rẹ̀ ló sanwó ìṣọ́ òru náà. Ẹ gbé e sí alẹ́ tí ọ̀la rẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́. Awakọ̀, nọ́ọ̀sì, ẹni tó ń lo ẹ̀rọ tó lè gé ọwọ́, tí iṣẹ́ ń dúró dè lówùúrọ̀, ẹ rán wọn lọ sùn, kí ẹnikẹ́ni má sì pè wọ́n ní ọ̀lẹ nínú ẹ̀mí.

4. Dídá ohun tí a gbà padà

Ibí yìí ni mo ti máa pẹ́ díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn tuntun wa ti ṣófo jù lọ. Ẹ wo bí Léfítíkù 6:1-7 ṣe to ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó rẹ́ ọmọnìkejì rẹ̀ jẹ yóò dá ohun náà padà ní pípé, yóò fi ìdá kan nínú márùn-ún kún un, yóò sì fi lé ẹni tó ni ín lọ́wọ́. Àgbò tí yóò mú tọ àlùfáà lọ ló gbẹ̀yìn. Sákéù, olórí agbowó orí, ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó fi ìdajì ohun ìní rẹ̀ fún àwọn tálákà, ó sì ṣèlérí ìlọ́po mẹ́rin fún ẹni tó bá rẹ́ jẹ. Lẹ́yìn gbólóhùn yẹn ni Jésù tó sọ pé ìgbàlà wọ ilé náà lónìí (Lúùkù 19:8-9).

Àwa ńkọ́? A ń gbé máìkì fún ẹni tuntun kó jẹ́rìí pé òun ti lu jìbìtì rí. Ìjọ pàtẹ́wọ́, akọrin dìde. Ẹni tó lù ní jìbìtì kò sí níbẹ̀, kò gbọ́, kò sì gba kọ́bọ̀. Òun ló sanwó ẹ̀rí tí a pàtẹ́wọ́ fún.

Bí a ó bá kọ́ wọn dáadáa, ohun tó yẹ kí wọ́n mú lọ sílé nìyí. Kí onítọ̀hún mú ìwé, kó fa ìlà sí i lọ́nà mẹ́rin: ta ni, kí ni, iye rẹ̀ àti ìgbà tó ṣẹlẹ̀, kí ló kàn. Kó kọ ọ́ lóun nìkan. Ìwé yẹn kì í ṣe ohun tí olùṣọ́-àgùntàn yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kó kọ́kọ́ san ti tálákà tó wà nínú orúkọ wọ̀nyẹn. Ẹ̀rù máa ń mú kí ọ̀pọ̀ kọ́kọ́ sáré lọ bá ẹni tó lágbára, kí wọ́n sì fi aláìlẹ́nu sí ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ni kó san àwọn tó kéré, tó lè parí lẹ́ẹ̀kan.

Bí owó kò bá tó, kó mú iye àti ọjọ́ lọ. Kí iye náà kéré débi tí kò fi ní yẹ̀ kódà lóṣù tí nǹkan bá le. Ìlérí ńlá tó yẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì máa ń ba nǹkan jẹ́ ju gbèsè àtijọ́ lọ, torí ní báyìí orúkọ Jésù ti wọ̀ ọ́. Ìyẹn ni Róòmù 2:24 ń wí, pé tìtorí yín ni wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ òdì sí orúkọ Ọlọ́run.

Ọ̀rọ̀ tó máa sọ kò gùn: "Mo gba nǹkan báyìí lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ báyìí. Ẹ̀bi mi ni. Owó rẹ̀ rèé, mo sì fi díẹ̀ kún un." Kó wá dákẹ́. "Èṣù ló tì mí" kò sí níbẹ̀. "Ọlọ́run ti dárí jì mí" kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú, torí ẹni tí a rẹ́ jẹ kò tíì sọ tirẹ̀. Kó má mú ìwé ìléwọ́ dání, kó má pè é wá sí ìsọjí. Bí onítọ̀hún bá bínú, kó jẹ́ kó bínú. Bó bá béèrè pé kí ló dé tó fi padà wá, nígbà yẹn gan-an ni Pétérù Kìn-ín-ní 3:15 tó wọlé: kó dáhùn pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́, ní gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta, kó sì máa lọ.

Àwọn ibi tó lè dàrú wà o. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ní ti ilé ẹjọ́ nínú, kó kọ́kọ́ rí agbẹjọ́rò. Bí ẹlòmíràn bá lọ́wọ́ sí i, ẹ̀bi tirẹ̀ nìkan ni kó jẹ́wọ́, kó má ba ẹni ẹlẹ́ni jẹ́. Bí ẹni tó ni owó bá ti kú, Nọ́ḿbà 5:8 darí rẹ̀ sí ìbátan rẹ̀. Bí kò bá sí ìbátan, ó di ti Olúwa. Ní èrò tèmi, àpò àánú ni irú owó bẹ́ẹ̀ yẹ kó bọ́ sí. Ẹ̀yin náà rí i pé kò sí àpò tí a ó jù ú sí mọ́ tí ẹ bá ti kó o dà sí ẹ̀rọ.

5. Ẹbọ tí ará ilé ń san

Ní Máàkù 7:9-13, Jésù bá àwọn kan wí, tí wọ́n ń sọ fún òbí wọn pé ohun tó yẹ kí wọ́n fi tọ́jú wọn ti di Kọ́bánì, ohun tí a yà sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run. Ó ní wọ́n fi àṣà wọn sọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run di asán. Nítorí náà, kí ẹ tó fi ènìyàn sípò, ẹ bi aya tàbí ọkọ rẹ̀ léèrè níkọ̀kọ̀ bóyá ilé lè gbà á. Bí ẹnì kan bá wà nínú ìjọ ní alẹ́ márùn-ún nínú ọ̀sẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń rú ẹbọ yẹn, wọn kò sì tíì dàgbà tó ẹni tí a ń bi bóyá wọ́n fẹ́.

Àtọrẹ opó. A fẹ́ràn láti máa fi opó tó ju owó wẹ́wẹ́ méjì sí àpótí ṣe àpẹẹrẹ nígbà tí a bá ń gba ọrẹ (Máàkù 12:41-44). Ẹ ka ẹsẹ 40 tó ṣáájú rẹ̀: Jésù ń dá àwọn tó ń jẹ ilé opó run lẹ́bi. Kọ́ríńtì Kejì 8:12 sì ní ohun tí ènìyàn ní ni a ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe ohun tí kò ní. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yáwó láti jẹ́ ẹ̀jẹ́.

Ọ̀kan tún kù lábẹ́ èyí, mo sì ń bẹ̀ yín ni. Ẹ má ṣe fi Pétérù Kìn-ín-ní 3:1-2 dá obìnrin tí ọkọ ń lù padà sílé pé kó lọ fi ìwà jèrè ọkàn rẹ̀. Ibi tó láàbò ni kó kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà dókítà, lẹ́yìn náà ọlọ́pàá. Ẹ má sì pe òun àti ọkọ jókòó pọ̀ láti gbọ́ ti ẹnu wọn. Kò ní lè sọ òtítọ́ níwájú ẹni tí yóò bá padà sílé lálẹ́ ọjọ́ náà.

6. Bí a ṣe ń fúnni

John Wesley, oníwàásù ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó dá Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀, ṣàlàyé ọ̀nà kan tó rọrùn láti tẹ̀ lé. Nígbà tó wà ní Oxford, 30 pọ́n-ùn ló ń wọlé fún un lọ́dún kan. Ó ná 28, ó sì fi 2 tó kù tọrẹ. Lọ́dún kejì, 60 ló wọlé. Ó ṣì ná 28. Ó di 90, ó di 120, 28 náà ló ń ná, ó sì fi 92 tọrẹ lọ́dún kẹrin yẹn. Ìnáwó ló dá ààlà fún, kò dá fún ọrẹ. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, kó kọ gbogbo ohun tó ná fún oṣù mẹ́ta, títí kan èyí tó kéré jù, kó yọ èyí tí kò pọn dandan, kó pín ìyókù sí mẹ́ta. Òun ni ààlà rẹ̀ lóṣù. Bí owó tó ń wọlé bá pọ̀ sí i, kó má sún ààlà náà àfi tí ẹnu tó ń bọ́ bá pọ̀ sí i tàbí tí ìlera bá béèrè. Ọ̀pọ̀ ló ń kùnà nítorí pé ohun tó bá ṣẹ́kù ni wọ́n fẹ́ fi tọrẹ. Kì í ṣẹ́ kù láé.

Fún àpò ìjọ, Kọ́ríńtì Kejì 8:20-21 tó fún wa: Pọ́ọ̀lù kò dá gbé owó ìrànlọ́wọ́ lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà rí àlèébù. Kí ẹnì kan máa di owó mú, kí ẹlòmíràn máa kọ ìwé rẹ̀, kí ẹnì kẹta máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ka àpapọ̀ iye sí etí ìjọ, ẹ má ka orúkọ ẹni tó gbà á. Ẹ má ya fọ́tò. Kí ẹ tó ra nǹkan fún aláìní, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ohun tó ń dà á láàmú. Ọ̀pọ̀ ẹrù tí a ti gbé lọ fún ènìyàn ni kò bá ìṣòro rẹ̀ tan. Ẹ má sì so ìrànlọ́wọ́ náà mọ́ wíwá sí ìsìn. Ní ọdún 362, Ọba Julian ti Róòmù, tó fẹ́ kí ẹ̀sìn òrìṣà àtijọ́ gbérí padà, kọ̀wé ráhùn sí olórí àwọn àlùfáà Galátíà pé àwọn Kristẹni ń bọ́ aláìní tiwọn, wọ́n tún ń bọ́ aláìní tàwọn abọ̀rìṣà pẹ̀lú. Ọ̀tá ló jẹ́rìí yẹn o.

Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 6 náà kò jìnnà. Wọ́n ń gbójú fo àwọn opó tó ń sọ èdè Gíríìkì nígbà ìpínfúnni ojoojúmọ́. Àwọn àpọ́sítélì kò pè é ní kùn-yùn-kùn-yùn lásán. Wọ́n ní kí ìjọ yan ọkùnrin méje fún iṣẹ́ náà. Ẹsẹ 7 ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run wá gbilẹ̀ sí i.

7. Ọ̀rọ̀ ẹnu

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo ní kí a pa ẹnu mọ́. Gbólóhùn kan wà tí wọ́n máa ń fi sí Francis ti Assisi, ẹni mímọ́ ọmọ ilẹ̀ Ítálì, lẹ́nu, pé kí a máa wàásù nígbà gbogbo, kí a sì lo ọ̀rọ̀ bó bá di dandan. Kò sí nínú ìwé kankan tí Francis fi sílẹ̀, oníwàásù sì ni òun fúnra rẹ̀ kó tó kú ní 1226. Ìwà ló ń mú kí ènìyàn béèrè. Ẹnu ló ń dáhùn. Ẹ̀dùn mi ni pé à ń dáhùn láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì béèrè.

Ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ yín

(a) Kí owó àánú padà sínú àpò rẹ̀. Bí gbohùngbohùn bá pọn dandan, kí àwa tó fẹ́ ẹ dáwó rẹ̀.

(b) Kí a má ra ohunkóhun títí a ó fi san gbogbo owó òṣìṣẹ́ tí ìjọ jẹ.

(d) Kí ẹ̀kọ́ dídá nǹkan padà gba ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nínú kíláàsì ìrìbọmi.

(e) Kí fọ́ọ̀mù oṣooṣù ní ìbéèrè mẹ́ta sí i: Gbèsè wo lo san? Ta lo bá parí ìjà? Owó ọmọ iṣẹ́ rẹ ti pé? Kí ẹni tó kọ ọ́ mú fọ́ọ̀mù náà dání lọ sílé, kí ẹnikẹ́ni má gbà á.

(ẹ) Tímótì Kìn-ín-ní 3:7 ní alábòójútó gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí rere lọ́dọ̀ àwọn ará òde. Kí a tó gbé ọwọ́ lé ẹnikẹ́ni mọ́, ẹ lọ bá ẹni mẹ́ta tí kì í ṣe ọmọ ìjọ wa: ẹni tó múlé gbè é, ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́, àti ẹni tó ti yá a lówó rí. Ẹ̀yin ni kí ẹ yan àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí onítọ̀hún má mọ ẹni tí ẹ ó bi. Kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn tó wà nínú ìgbìmọ̀ yìí.